Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ lọ lo sáà kan ní yunifásítì Jámánì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mọ́mì pè mí lánàá. Wọ́n ní físà rẹ ti jáde, pé Jámánì lo máa wà láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta. Mo bá ọ yọ̀ gan-an. Àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù kò kọjá òtútù: jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rà, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Fọkàn balẹ̀ lórí òtútù. Wọ́n ń ta jákẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, inú ilé wọn sì máa ń móoru débi pé ẹ̀wù alápá péńpé lo máa fi jókòó kàwé. Nǹkan mìíràn ló yẹ kí ẹnìkan ti sọ fún ọ, òun ni mo sì ṣe mú bíírò: ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn, kò sẹ́ni tó máa lé ọ sídìí ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ìdí tí o kò fi wá sí kíláàsì. Kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn rẹ pé a kò rí ọ láti àná. Àwọn kan á rò pé fàájì ti dé nìyẹn, àwọn mìíràn á rò pé wọn ò fẹ́ràn àwọn ni. Irọ́ ni méjèèjì. Àgbà ni wọ́n kà ọ́ sí, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe sí àgbà nìyẹn.

Jẹ́ ká ti orí ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ dùn ọ́. Lórí ìwé, sáà ìgbà òtútù bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àárín oṣù kẹwàá ni ẹ̀kọ́ gan-an máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì tán ní nǹkan bí àárín oṣù kejì, ìsinmi Kérésìmesì á sì wọ àárín rẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn tí o fọwọ́ sí, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Learning Agreement, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ 30 kírẹ́díìtì, torí iye tí wọ́n ka sí iṣẹ́ sáà kan nìyẹn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Kírẹ́díìtì kan dúró fún iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀: ó kéré tán, wákàtí 750 ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ. Wá wo àkókò kíláàsì rẹ wàyí. Bí o bá mú kóòsì márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí méjì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15, wákàtí 150 péré lo máa fi jókòó níwájú olùkọ́. Àwọn 600 tó kù kò sí lórí ìwé kankan. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ á fi dà bí ìsinmi, tí o máa máa ya fọ́tò sójú íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn á sì wá le koko.

Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ kóòsì, ìdánwò kan ṣoṣo ló ni gbogbo máàkì. Kò sí tẹ́ẹ̀sì àárín sáà tí èèyàn fi ń gba ara rẹ̀ là. Klausur, ìyẹn ìdánwò alákọsílẹ̀, á wáyé níparí. Tàbí kí wọ́n ní kí o kọ Hausarbeit, àròkọ ìwádìí tí o máa dá jókòó kọ nígbà tí kíláàsì ti tán. Gbọ́ èyí dáadáa: bí o tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún kóòsì, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ìyẹn ò ní kí orúkọ rẹ wà nínú ìdánwò rẹ̀. Lọ́tọ̀ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, lórí ìkànnì yunifásítì, láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ọjọ́ yẹn bá ré kọjá, ìkànnì á tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ràn rẹ jù lọ lè máà rí nǹkan kan ṣe sí i, nítorí ọ́fíìsì ìdánwò ló ni àṣẹ, àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀ lórí ọjọ́. Ọjọ́ tí o bá ti dé ni kí o wá ọjọ́ náà rí, kí o kọ ọ́ sára ògiri.

Àtẹ máàkì wọn dorí kodò sí tiwa. 1,0 ló ga jù, 4,0 ni o fi ń yege, 5,0 sì ni ìjákulẹ̀. Jọ̀wọ́, ṣàlàyé fún Dádì kí èsì tó dé o, kí wọ́n má baà rí 1,3 kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe pásítọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tó máa kọ́kọ́ yà ọ́ lẹ́nu. Bí wọ́n bá kọ „10 c.t.“ sí iwájú kóòsì, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni olùkọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ „s.t.“, aago mẹ́wàá géérégé ni. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, wọn kì í pàtẹ́wọ́, ìkúùkù ni gbogbo kíláàsì fi ń kan tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé wọ́n ń bínú sí bàbá náà ni.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí náà ní bó ṣe rí. Wọ́n ní wákàtí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀, Sprechstunde ni wọ́n ń pè é. Nílé, bí olùkọ́ bá ránṣẹ́ pe èèyàn sí ọ́fíìsì, ọkàn onítọ̀hún á ti já kó tó débẹ̀. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, tó ń sọ pé ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò yé mi, tàbí pé mi ò fara mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní àfojúdi. Ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ ká gbé òun. Bí o bá ń dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, ohun tí wọ́n máa rò ni pé gbogbo rẹ̀ ti yé ọ, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ.

Ti ìwé ìjọba, mi ò ní fi àkókò rẹ ṣòfò púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá kó wọlé, lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú; gba ìwé lọ́wọ́ onílé kí o tó lọ, wọn ò ní dá ọ lóhùn láìsí i. Owó tí Dádì tì pa sí báǹkì fún físà kò ní bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù-oṣù ni wọ́n máa ń tú u sílẹ̀, nítorí náà mú owó díẹ̀ dání fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí báǹkì bá ṣì ń fi fọ́ọ̀mù dá ọ lámùú. Kí o sì lẹ orúkọ rẹ mọ́ àpótí lẹ́tà lọ́jọ́ tí o bá gba kọ́kọ́rọ́. Láìsí orúkọ lára rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lè dá lẹ́tà rẹ padà. Nǹkan kan ṣoṣo tó máa lé ọ ní Jámánì rèé, lẹ́tà: ti ìbánigbófò ìlera, ti báǹkì, ti owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gbà lórí ilé kọ̀ọ̀kan, yálà o ní tẹlifíṣọ̀n tàbí o kò ní. Bí o bá ń pín ilé pẹ̀lú àwọn mìíràn, ẹnìkan ló máa san án fún gbogbo yín, nítorí náà bi wọ́n kí o tó sanwó. Kò sí lẹ́tà tí o máa jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìkà.

Ó wá ku ilé ìdáná. Bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ nípa ìlú náà ju kíláàsì lọ. Nínú hòsítẹ́ẹ̀lì, ẹ ó jọ máa lo ilé ìdáná kan. Olúkúlùkù ló ní pẹpẹ tirẹ̀ nínú fíríìjì. Wàrà tí o bá rí lórí pẹpẹ ẹlòmíì, má fọwọ́ kàn án, kódà bó bá ku ìkán díẹ̀. Ìwé kan á wà lára ògiri, Putzplan, tó ń sọ ẹni tó máa fọ ilẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá kàn ọ́, fọ̀ ọ́. Wọn kò ní bá ọ jà bí o kò bá fọ̀ ọ́. Wọ́n kàn máa lẹ ìwé pélébé mọ́ fíríìjì tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, tí gbogbo èèyàn sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ìjà wa tó pariwo sàn fún mi ju ìwé pélébé yẹn lọ.

O máa bá wọn pàdé nínú ilé ìdáná, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ, wọ́n á bá ọ sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n á kó oúnjẹ wọn, wọ́n á wọ yàrá. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Má ṣe dúró de ẹni tó máa sọ pé wá jókòó tì wá. Ìwọ ni kí o sọ pé ní ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago méje alẹ́, mo fẹ́ dáná, ta ló máa jẹ níbẹ̀? Dá ọjọ́, dá aago. Bí o bá sọ pé „a máa rí ara wa nígbà kan“, wọ́n á gbà pẹ̀lú rẹ tọkàntọkàn, kò sì ní ṣẹlẹ̀ láéláé. Àmọ́ ẹni tó bá ti kọ aago méje ọjọ́bọ̀ sínú kàlẹ́ńdà rẹ̀, á dé ní aago méje ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ohun mímu lọ́wọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni eré ìdárayá yunifásítì, Hochschulsport. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, oríṣiríṣi ló sì wà níbẹ̀, láti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá dé ijó salsa. Àwọn tó lókìkí jù máa ń kún láàárín ìṣẹ́jú tí ìforúkọsílẹ̀ bá ṣí, nítorí náà jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ ṣáájú. Ẹni tí ẹ jọ ń làágùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ń di ọ̀rẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣètò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Erasmus, ìyẹn àwọn tó wá lo sáà kan láti ilẹ̀ mìíràn bíi tìrẹ, á fà ọ́ mọ́ra kíákíá, àríyá wọn sì pọ̀. Lọ, jó. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé ó ti di oṣù kọkànlá tí o kò tíì mọ ọmọ Jámánì kan tí o lè fi fóònù pè, wá nǹkan ṣe sí i.

Oṣù kọkànlá yẹn gan-an ni kí o ṣọ́ra fún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣeni ní nǹkan, torí gbogbo nǹkan ló jẹ́ tuntun. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti di bárakú ni àárò ilé ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn náà sì ni oòrùn máa ń pa wọ́n tì. Ní oṣù kejìlá ní Berlin, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bí o bá jí ní aago mọ́kànlá torí pé kò sí kíláàsì, wákàtí bíi márùn-ún ló kù kí ilẹ̀ ṣú. Máa jáde lọ́sàn-án, kódà bí ó bá jẹ́ pé Mensa, ilé oúnjẹ yunifásítì, lo ti fẹ́ lọ jẹun. Oúnjẹ ibẹ̀ kò ní iyọ̀ tó, kò sì ní ata rárá, àmọ́ owó akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gbà, o sì máa rí ojú èèyàn.

Ọjọ́ Àìkú ló gùn jù. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tì, àfi díẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin àti ilé epo. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wọn fúnra rẹ̀ ló dáàbò bo ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi, nítorí náà ra ohun tí o máa jẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú yìí ni kí o fi máa pe Mọ́mì. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n máa dá aago padà ní wákàtí kan, láti ìgbà náà lọ aago tiwọn àti ti Nàìjíríà á wà ní ọgbọọgba títí di òpin oṣù kẹta. Mọ́mì ò ní láti ṣírò ohunkóhun, o ò sì ní rí àwáwí fi ṣe bojúbojú.

Nígbà tí o bá fẹ́ máa bọ̀, bí o ṣe forúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀ ni kí o lọ yọ ọ́ kúrò, kí o fòpin sí àdéhùn yàrá, àti ti owó rédíò. Kò sí èyí tó ń dá dúró fúnra rẹ̀. Bèèrè ìgbà tí ìwé èsì rẹ máa jáde kí o tó wọ bàálù, torí yunifásítì rẹ nílé ò ní ka ọ̀rọ̀ ẹnu sí.

Ní báyìí ná, fi orúkọ àwọn kóòsì tí o fẹ́ mú ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mọ́mì ní méje ni o kọ sílẹ̀. Ó pọ̀ jù. Yọ méjì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ