Ọ̀rọ̀ Màmá àti owó tí ò ń fi ránṣẹ́

Ìlọrin

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí ìwé rẹ gbà, mo sì ti bá ọ kí Màmá. O béèrè bóyá kí o fi kún owó tí ò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, nítorí pé wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí fóònù mọ́. Lójú tèmi, kì í ṣe kíkéré owó náà ló ń dà wọ́n láàmú, bí kò ṣe pé kì í ṣe owó ara wọn.

Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ mú wọn kúrò ní Ọjà Ìpàtà, tí ẹ ní kò yẹ kí ìyá ẹni tó wà lókè òkun ṣì máa wọn ẹ̀lùbọ́ fún oníbàárà, ìfẹ́ ló sún yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjà yẹn ni wọ́n ti ń jèrè, tí wọ́n ti ń dá àjọ, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ ìròyìn gbogbo Ìlọrin. Ní báyìí, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni owó ń dé sí. Bí Màmá bá fẹ́ ta ẹni tó bímọ lọ́rẹ, wọ́n ní láti kọ́kọ́ tọrọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lọ sí àsàlátù mọ́: ojú ń tì wọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń dáwó. Àìlówó-lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ lé wọn kúrò láàárín ẹgbẹ́, ìdánìkanwà ló wá parí ìyókù.

Màmá nìkan kọ́. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé jáde ní 2007, láàárín àwọn arúgbó ẹni ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, tí Kwara wà nínú wọn, fi hàn pé ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ti bá jà rí, pàápàá àwọn obìnrin àti àwọn ará ìgboro. Ti ìgboro yẹn ló yà mí lẹ́nu, torí abúlé ni mo rò pé ìyà wà.

Ti olùkọ́ wa àtijọ́ ní Òmù-Àrán kò yàtọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ìfẹ̀yìntì wọn kò ká nǹkan mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kí wọ́n lò lójoojúmọ́, wọ́n ń fo ọjọ́ kan kí wọ́n tó tún lò ó.

Màmá kò ní sọ fún ọ pé ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì. Orí gbígbóná, àìróorunsùn àti ẹnu tí kò gba oúnjẹ ni wọ́n ń rò fún wa, oògùn ibà ni a sì ń rà. Bí irú èyí bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn dókítà kì í fojú kékeré wò ó, ti Màmá sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn yóò ní orí Màmá ti dàrú. Jọ̀wọ́, bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń gbọ́ tìrẹ.

Ní ti owó, má fi kún un. Jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ Màmá tààrà láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ná an, kí a sì pàtẹ ẹ̀lùbọ́ fún wọn níwájú ilé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa tà á láwìn fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn, kí èrè má sì sí. Má bínú sí i. Fèsì kí n tó bá káfíńtà sọ̀rọ̀ lórí àtẹ náà.

Èmi, ọ̀rẹ́ rẹ