Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré, nítorí jákẹ́ẹ̀tì yẹn

Bàbá Kékeré,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó pé ọdún kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí ẹ ti lọ. Wọ́n pè mí láti Ìjẹ̀bú pé kí n fi owó ìrántí ránṣẹ́, mo ní mò ń fi í bọ̀, mi ò sì tíì fi ránṣẹ́ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín torí ẹ̀yin nìkan lẹ ò ní bú mi: owó yẹn ni mo fi ra jákẹ́ẹ̀tì.

Ọjà Portobello ní London níbí ni, Sátidé tó kọjá. Mo ní mo kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni (irọ́ ni, mo lọ wá aṣọ ni), bí mo ṣe rí i nìyẹn, tó fi kọ́ sára irin láàárín àwọn kóòtù àwọn sójà. Baracuta G9, àwọ̀ iyanrìn, kọ́là tó dúró pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì, ẹ̀yìn tí wọ́n gé bí etí agboòrùn kí òjò lè máa ṣàn kúrò lára ẹni. Mo bá ń gbọ́ ohùn yín, "inú aṣọ ni kó o kọ́kọ́ wò, ẹnikẹ́ni ló lè ran ẹ̀yìn," mo yí i síta, tartan pupa ti ìdílé Fraser, aṣọ onílà tó ń gba orí ara wọn kọjá ti àwọn ará Scotland, ló wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọkùnrin tó ń tà á ní 140 pọ́n-ùn, mo ná an bí ẹni pé Òkè-Àjẹ ni mo wà, ó yọ mẹ́wàá kúrò, ó ní òun ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sanwó.

Ẹ̀yin lẹ fà á. Ta ló kọ́ mi pé tí ṣẹ́ẹ̀tì Ben Sherman ò bá ní bọ́tìnnì lẹ́yìn kọ́là, kí n gbé e sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín? Ta ló sọ fún ọmọ kékeré pé Brighton ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an ní 1963, pé Fred Perry yẹn ẹlẹ́ran ara ni, ó gba ife tẹ́níìsì Wimbledon ní 1934, 1935, 1936 kó tó di orúkọ aṣọ? Ẹ wá ka ìṣirò owó ní 1965, ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì, ẹ̀yin mẹ́rin nínú yàrá kan, ẹ̀rọ kẹrosíìnì kan tó ń rùn ló ń mú yín móoru, síbẹ̀ ẹ lówó tẹ ẹ́ fi rán súùtù tónìkì, èyí tó máa ń dán bí góòlù lábẹ́ iná, tẹ́ ẹ bá bọ́ síta ó ti di búlúù. Aṣọ agẹmọ lẹ máa ń pè é, Ìjẹ̀bú ò ní fi àwàdà sílẹ̀. Ẹ wọ reluwé lọ sí Richmond, sí ṣọ́ọ̀bù John Simons, nítorí jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, G9 yìí náà. Wọ́n ní Simons fúnra ẹ̀ ló kọ orúkọ Rodney Harrington sí i lára nínú wíńdò, torí bí Rodney inú eré Peyton Place ṣe ń wọ̀ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n bá ń pè é ní Harrington, ni gbogbo ayé bá gbàgbé pé Manchester ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1937, pé àwọn agbágọ́ọ̀fù ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ará Jamaica ní Brixton ló kọ́ yín bí ṣòkòtò ṣe ń ga kúrò lórí bàtà. Ẹ sọ fún mi pé ní 1969 tí orin Desmond Dekker dé ipò kìíní, àwọn ọmọ òyìnbó olórí fífá, àwọn skinhead, ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ilé ijó, ṣòkòtò kan náà, bàtà kan náà, ẹ sì ń bá ara yín fẹ́ iná sìgá. Mo gbà yín gbọ́. Mo ṣì gbà yín gbọ́.

Àmọ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́?

1979, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, à ń bọ̀ láti ọjà East Lane, ẹ gbé iṣu, mo di ọwọ́ yín mú. Ọdún méjì péré sí ìgbà tí National Front, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ní kí aláwọ̀ dúdú kúrò nílùú, wọ́ gba New Cross lọ sí Lewisham, tí ìyá mi ò jẹ́ ká jáde. Àwọn mẹ́rin jókòó sórí ògiri kékeré lẹ́bàá ibùdókọ̀, orí fífá, bàtà Dr. Martens, ṣòkòtò tí wọ́n ká lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ nǹkan kan nípa jákẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ dá a lóhùn. Bọ́ọ̀sì ń kọjá, mi ò gbọ́. Ẹ wá rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ ó sì ṣí jákẹ́ẹ̀tì yẹn lára yín, ó wo inú ẹ̀, ẹ dúró kó wò ó. Bàbá Kékeré, ẹ dúró. Ẹ fún ọwọ́ mi títí ìka mi fi ń ró.

Ẹ ò wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tó di Dìsẹ́ńbà ẹ dì í mọ́ àgbá tó ń lọ sílé, láàárín mílíìkì àti ọṣẹ. Mo sunkún, torí èmi lẹ ṣèlérí ẹ̀ fún, ẹ ní "aṣọ lásán ni." Ẹni tẹ ẹ́ fún nílé tà á ní Kàtàngúà, ó di òkìrìkà, kò tiẹ̀ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bi yín ohun tẹ́ ẹ sọ fún ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ padà sílé pátápátá, ẹ ní kí n wá bá yín gbé àpótí. Lórí WhatsApp, ní bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan náà ni! Ṣé ẹ bẹ̀ ẹ́ ni? Ṣé ẹ fi Ìjẹ̀bú bú u tí kò mọ̀? Àbí ẹ mọ̀ ọ́n, àbí ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jó rí? Inú máa ń bí mi sí yín tó bá di òru, mo máa ń rò ó pé àgbàlagbà tó mọ tartan yàtọ̀ sí tartan, ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọwọ́ ẹni kúrò lára aṣọ ni. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí pé ọwọ́ yín kan gbé iṣu, ọ̀kan tó kù, èmi ni mo wà nínú ẹ̀.

Wọ́n ti dín iṣẹ́ mi kù sí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Onílé ti kọ lẹ́tà. Ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kòkòrò ti jẹ kóòtù Crombie, ìyàwó mi ní àwọn ará ilé ń sá fún bọ́síkọ̀rọ̀, èmi ń fi pọ́n-ùn rà á. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Sátidé. Ọmọkùnrin wa rí fọ́tò lórí fóònù mi, ó ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe àwọn tó ń lé yín nìyí?" Mo ní rárá, ó níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣàlàyé 1969 fún un, ó ti fi mí sílẹ̀ lọ síbi gáàrì ẹ̀.

Mo wọ̀ ọ́ lálẹ́ àná níwájú dígí. Síípù ẹ̀ ò pa dé, ó dúró lórí ikùn mi, ara yín ni wọ́n ṣe é mọ́, kì í ṣe ara èmi.

Wọ́n máa sanwó lọ́jọ́ 28, màá fi ti ìrántí ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá rí ìyá mi níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ iye tí mo rà á fún un.

Èmi ọmọ yín ní Peckham.