Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò Accra àti owó tí ẹ kò tíì dá padà

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìrìn-àjò,

Mo kí yín. Lẹ́tà kẹrin rèé tí mo ń kọ sí yín láàárín oṣù mẹ́ta. Mẹ́ta ìṣáájú kò ní èsì, bẹ́ẹ̀ akọ̀wé yín ní Iléṣà fọwọ́ sí ẹ̀dà méjì nínú wọn lójú mi. Orúkọ wa, nọ́ńbà ìjókòó wa àti rìsíìtì owó tí a san wà nínú ìwé yín, nítorí náà n kò ní tún wọn tò síbí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ti fi ojú wa rí láti ìgbà tí a ti dé.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí màmá mi fi wọ bọ́ọ̀sì yín ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Jamestown, létí òkun ní Accra, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ń ta aṣọ níbẹ̀ láyé ìgbà tí ọkọ̀ òkun ńlá kì í lè dé etí èbúté, tí àwọn atukọ̀ ń fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá láti lọ kó ẹrù wá, kí iṣẹ́ èbúté náà tó kó lọ sí Tema ní ọdún 1962. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, tó jẹ́ olórí ìjọba Ghana nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oyún ẹ̀gbọ́n mi àgbà wà nínú màmá mi nígbà tí wọ́n gun ọkọ̀ ẹrù padà wá sílé, kò sì tún fojú kan ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò yín pé ní ọjọ́ kẹta a ó sọ̀kalẹ̀ ní Jamestown fún wákàtí méjì, a ó sì fẹsẹ̀ rìn láti James Fort tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún 1673 dé ìdí ilé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ pupa àti funfun nì. Nítorí wákàtí méjì yẹn ni màmá mi ṣe lọ tú owó tó fi pamọ́.

Afinimọ̀nà yín mú wa dé Independence Square, ó sì mú wa dé ibojì Kwame Nkrumah, níbi tó ti ṣàlàyé dáadáa pé ibi tí ibojì náà wà gan-an ni Nkrumah dúró sí kéde òmìnira Ghana lóru tó mọ́ ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957. Mo yìn ín fún ìyẹn. Àmọ́ lẹ́yìn náà ó fi wá sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ kente, nígbà tí bọ́ọ̀sì sì fi máa gba Jamestown, ilẹ̀ ti ń ṣú, dẹ́rẹ́bà kò dúró. Màmá rí orí ilé ìmọ́lẹ̀ náà láti ojú fèrèsé. Ó nawọ́, ó ní, "Ibí ni, ibí ni," bọ́ọ̀sì sì ti kọjá.

Èyí dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n n kì bá ti gbé e dé ibi tó dé yìí. Ní ọjọ́ tí a dé, ọ̀gá ẹ̀ka Iléṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá mi lórí sìmẹ́ńtì, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ó dá ìdajì owó wa padà. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni màmá fi gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n ní kí n lọ sí Ìbàdàn. Mo dé Ìbàdàn, wọ́n ní ẹ̀ka tí a ti sanwó ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé wá. Mo padà sí Iléṣà, wọ́n ní ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà tí n ó máa pè. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún ìyá mi ní 1969 ló fi palẹ̀ gbogbo ohun tó ní mọ́. Ẹ̀yin ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ẹ kò tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ìgbà mọ́kànlá ni mo pe nọ́ńbà náà kí ọmọbìnrin kan tó gbé e. Mo kí i, kò dáhùn. Ohun tó sọ ni, "Kí lo fẹ́?" Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ń sọ "o" fún, bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ṣebí bọ́ọ̀sì gba Jamestown kọjá, ṣebí ìyá náà lójú. Bó bá jẹ́ ilé ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́ wò, kí n wá a fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ó sì pa fóònù. Mo ti ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí màmá lè bá wa gbọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Láti kékeré mi, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbọ́ ìtàn Accra lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì mẹ́nu bà á.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ wa ní Òṣómàáló: wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó wọn yóò fi jáde. N kò ní pariwo, n kò sì ní bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ wọn ni mí, n kò ní dìde.

Mo fẹ́ kí ìdajì owó wa wọ àkáǹtì màmá mi, kí ẹnìkan tó ní ipò nínú ilé-iṣẹ́ yín sì wá sí Iléṣà fúnra rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù kò tó. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá lẹ́yìn tí ẹ gba lẹ́tà yìí, n ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú rìsíìtì wa, ìwé ètò yín, àti ọjọ́ àti àkókò ìpè mọ́kọ̀ọ̀kanlá. Kóòtù Májísíréètì ló kàn lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́fà nínú àwọn tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì sì ti gbà láti jẹ́rìí. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa, tí wọ́n ti ń dáwó láti bá yín lọ sí Lomé, pé kí wọ́n dáwọ́ dúró ná.

Màmá mi kì í jáde ní òwúrọ̀. Ẹni tí ẹ bá rán kò ní ṣi ilé, nítorí àdírẹ́sì wa wà lọ́wọ́ yín.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Iléṣà.