Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: oògùn kò bàjẹ́, ìran kòkòrò ló yí padà

Ẹ̀yin oníbàárà wa, okun o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú oòrùn yìí.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ̀yin alágbàdo láti Ìjùmú, Búnú àti àyíká Kàbà níbí ti ń gbé ike oògùn padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ohun kan náà lẹ ń sọ: ayédèrú ni a tà fún yín. Bàbá kan tí wọ́n ti ń rajà lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́ kò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n tú ọ̀rá kékeré kan sórí káńtà, kòkòrò ajàgbàdo mẹ́ta jáde, irú tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fall armyworm, kòkòrò tí wọ́n fọ́n oògùn sí lánàá, gbogbo rẹ̀ ló ń rìn. Ó dùn mí. Oko tèmi náà kò yọ sílẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ́n oògùn kan náà, mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ẹ̀kẹta, síbẹ̀ ọkàn àgbàdo kún fún ìgbẹ́ wọn bí ohun tí ayùn ń dà sílẹ̀ nídìí pákó. Mo yẹ ike wò, mo yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò. Oògùn náà pé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi irúgbìn mú un. Bí a bá kórè àgbàdo tán, a kì í kàn bu èyí tó bá wọ̀ wá lọ́wọ́ pamọ́. Ṣírí tó gùn, tó kún dé orí, là ń so kọ́ sókè ààrò, nítorí a mọ̀ pé ọmọ yóò jọ ìyá. Báyìí ni àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò ṣe ń yàn láti bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, tí koríko kan tí kóró rẹ̀ kò tó nǹkan, tí èèpo rẹ̀ le bí òkúta, fi di àgbàdo tí à ń jẹ lónìí. Charles Darwin, ará Gẹ̀ẹ́sì, wo bí àwọn ọlọ́sìn ẹyẹlé ṣe ń yan ẹyẹ tí wọn yóò mú bímọ, ó sì bi ara rẹ̀ pé nínú igbó ńkọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti yan nǹkan kan? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀dá ń yàn, ebi ń yàn, àrùn ń yàn. Èyí tí wọn kò bá pa ló máa bímọ, ọmọ a sì jogún ohun tó gba òbí là. Alfred Russel Wallace, onímọ̀ ẹ̀dá mìíràn, náà ti dá ronú dé ibẹ̀. Ọdún 1858 ni wọ́n ka ìwé àwọn méjèèjì nílùú London.

Nínú oko wa, sípíréyà ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀dá yẹn. Ká ní 1,000 kòkòrò wà lóko yín, tí mẹ́ta péré nínú wọn ní ara tó lè tú oògùn náà ká kó tó pa wọ́n. Bí a ṣe bí wọn nìyẹn; wọn kò tíì rí oògùn rí. Ẹ fọ́n ọn, 997 kú, ẹ fi ayọ̀ lọ sílé. Àwọn mẹ́ta tó kù di àfòpiná, wọ́n gun ara wọn. Abo kan lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ, àti pé nínú ooru wa yìí, bí oṣù kan ni ẹyin fi ń di àfòpiná. Ẹ tún fọ́n oògùn kan náà sí àwọn ọmọ wọn. Àwa fúnra wa là ń yan irúgbìn fún kòkòrò, tí à ń so èyí tó dára jù kọ́ sókè ààrò fún un.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í gbọ́. A máa ń ní oògùn ti mọ́ kòkòrò lára, bí ata ṣe ń mọ́ ọmọdé lẹ́nu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kan ṣoṣo kò yí padà. Èyí tí oògùn lè pa ti kú. Àpapọ̀ wọn ló yí, torí ọmọ àwọn tó yè ló kún oko. Ìdí nìyí tí ìlọ́po méjì kò fi gbà mí: ńṣe ni mo tún yan èyí tó le jù nínú àwọn tó le.

Níbo wá ni mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wá? Bí ara ṣe ń da àbùdá kọ fún ọmọ, àṣìṣe a máa bọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ kò já mọ́ nǹkan, òmíràn ń ṣeni léṣe, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a wúlò lọ́jọ́ ìjà. Àfòpiná láti oko tí a kò fọ́n nǹkan sí náà máa ń fò wá dà pọ̀ mọ́ tiwa, èyí sì máa ń bomi là á fún wa. Nígbà mìíràn orí lásán ló ń yí ìran padà: iná igbó jó, ìwọ̀nba tó kù ni ìran tuntun jọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1914 ni A. L. Melander, onímọ̀ nípa kòkòrò, ti kọ̀wé láti Amẹ́ríkà pé oògùn kò pa kòkòrò ara igi èso mọ́. Ní 1939 ni Paul Müller, onímọ̀ kẹ́míkà ará Switzerland, rí i pé èròjà tí wọ́n ń pè ní DDT ń pa kòkòrò. Kó tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1948, eṣinṣin ilẹ̀ Sweden ti ń yè é. Ẹ̀yin àgbà sì rántí chloroquine tó ń mú ara yún wa. Kòkòrò ibà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìjọba fi yí padà ní 2005 sí èyí tó pa oògùn méjì pọ̀, torí èyí tó lè bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣọ̀wọ́n gan-an. Kòkòrò àgbàdo yìí fúnra rẹ̀, tó dé Áfíríkà ní 2016, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ti bá oògùn jà níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí a ó máa bi yín ní ohun tí ẹ fọ́n kẹ́yìn. Ẹ mú ike rẹ̀ wá, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Orúkọ iwájú ike kọ́ là ń wò, nọ́ńbà ẹgbẹ́ oògùn náà ni, èyí tó ń sọ ọ̀nà tó fi ń pa kòkòrò. Cypermethrin àti lambda-cyhalothrin, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń pa kòkòrò, ẹgbẹ́ 3A ni méjèèjì. Ẹni tó ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì kò pààrọ̀ nǹkan kan. Emamectin benzoate wà ní ẹgbẹ́ 6. Bí ẹ bá lo ẹgbẹ́ kan fún ìran kòkòrò kan, ìyẹn bí ọgbọ̀n ọjọ́, òmíràn la ó tà fún yín lẹ́yìn rẹ̀, a kò sì ní ta ti àkọ́kọ́ bí ẹ tilẹ̀ bínú. Ẹ fọ́n ọn nígbà tí kòkòrò ṣì kéré, ní ìrọ̀lẹ́, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike. Bí oko kò bá tóbi, ẹ fọwọ́ ṣa wọ́n, ẹ da eérú tàbí iyanrìn sọ́kàn àgbàdo.

Ẹni tó ra ju ike kan lọ nínú oògùn ẹgbẹ́ kan náà lóṣù tó kọjá, tí kò tíì ṣí i, kó gbé e wá. A ó fi ti ẹgbẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀.