Ẹ pe ọ̀gá ètò ìsọfúnni síbi ìpàdé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ṣì ń ka ọ̀gá àgbà ètò ìsọfúnni, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, sí atúnkọ̀ǹpútà-ṣe lásán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry ya wọ àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dá aláìsàn padà sílé; nọ́ọ̀sì tún gbá bébà àti bírò mú. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹta ni àtúnṣe kọ̀ǹpútà tí ì bá dènà rẹ̀ ti wà nílẹ̀! Ta ni ì bá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe àtúnṣe náà? Ẹni tí wọn kì í pè síbi ìpín-owó ni.

Tí ọ̀gá ètò ìsọfúnni yìí bá tún jẹ́ dókítà, á tún dára sí i (àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà á bínú sí mi): ó mọ ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta fi ń pín ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà kan lò lóru.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín