Má Ṣe Yan Ọ̀kan Láàyò

Àjàní ọmọ mi,

Ẹ kú ewu ọmọ. Bá mi kí ìyàwó wa, kí o ní mo ní ó kú ewu, ó kú ìnira. Olúwa tó fún wa ní ọmọ kejì yìí yóò wo àwọn méjèèjì dàgbà fún wa.

Ọ̀rọ̀ kan tí o sọ lórí fóònù ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní, "Màámi, èyí gan-an ló jọ mí, ọmọ tèmi nìyí." Ayọ̀ ló sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítòsí rẹ nígbà tí o ń sọ ọ́, etí ọmọdé kì í sì í di sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wo ilé Ísáákì nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ẹni ọdún 40 ni nígbà tó fẹ́ Rèbékà, ó sì di ẹni ọdún 60 kí wọ́n tó rí ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Olúwa nítorí aya rẹ̀. Ọmọ àdúrà ni ìbejì wọ̀nyẹn, síbẹ̀ wọ́n pín wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́: baba mú Ésáù, ìyá mú Jákọ́bù. Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni ìdí tí baba fi fẹ́ràn Ésáù. Bíbélì ní nítorí pé ó ń jẹ nínú ẹran ìgbẹ́ tó ń pa wálé ni. Bí ọmọ kò bá rí ẹran pa ńkọ́?

Olúwa ti sọ fún Rèbékà kó tó bí wọn pé ẹ̀gbọ́n ni yóò sin àbúrò. A kò rí i kà pé ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀wù Ésáù ló wọ̀ fún Jákọ́bù, ó fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bò ó lọ́wọ́ àti lọ́rùn, ó rán an wọlé sí baba tí kò ríran mọ́, kó lè gba ìre tí baba fẹ́ sú fún Ésáù. Nígbà tí Ésáù dé, tó ké igbe kíkorò pé, "Súre fún mi, àní fún èmi pẹ̀lú, baba mi," mi ò tíì ka ibẹ̀ rí kí ọkàn mi má bàjẹ́. Ésáù fẹ́ pa àbúrò rẹ̀, Rèbékà sì ní kí Jákọ́bù sá lọ bá Lábánì, arákùnrin òun, ní Háránì fún ọjọ́ díẹ̀. Ọdún 20 ló lò níbẹ̀, Bíbélì kò sì sọ pé ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn.

O ó rò pé Jákọ́bù kò ní dán irú rẹ̀ wò láéláé. Òun náà ló ran ẹ̀wù aláràbarà fún Jósẹ́fù nìkan, ọmọ tí Rákélì, ìyàwó tó fẹ́ràn jù, bí fún un, títí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi lè bá a sọ̀rọ̀ rere mọ́. Wọ́n tà á ní 20 owó fàdákà fún àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Íjíbítì, wọ́n ti ẹ̀wù náà bọ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́, wọ́n gbé e fún baba wọn. Ewúrẹ́ àti ẹ̀wù tó fi tan baba rẹ̀ ni wọ́n fi tan òun náà. Àwọn kan a máa ní ẹnu Jósẹ́fù ló kó bá a, pé àlá tó ń rọ́ ti pọ̀ jù. Mi ò gbà. Ọmọ ọdún 17 ni. Baba ló ran ẹ̀wù.

Júdà gan-an ni mo fẹ́ kí o tẹjú mọ́, ní orí 44. Ọmọ Léà ni, ìyàwó tí Jákọ́bù kò fẹ́ràn, tó bí àkọ́bí tó sọ pé, ní báyìí ọkọ mi yóò fẹ́ràn mi. Ọmọkùnrin mẹ́fà ló bí fún un. Nígbà tí Júdà dúró níwájú alákòóso Íjíbítì, tí kò mọ̀ pé Jósẹ́fù ni, ó tún ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ sọ fún un: ìyàwó mi bí ọmọkùnrin méjì fún mi. Méjì! Baba kò ka Júdà mọ́ ọn, kò ka ìyá rẹ̀ sí ìyàwó, ọmọ náà sì mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí alákòóso náà fẹ́ fi Bẹ́ńjámínì, ọmọ Rákélì kejì, ṣe ẹrú, Júdà ní kí wọ́n fi òun ṣe ẹrú dípò rẹ̀, nítorí òun kò lè wo ibi tí yóò bá baba òun. Ibẹ̀ ni Jósẹ́fù ti bú sẹ́kún. Láti ìdí Júdà yìí ni Dáfídì ti wá, òun ni Mátíù sì tọ̀ dé ọ̀dọ̀ Jésù.

Àjàní, mi ò ní kí o máa ṣe bákan náà sí wọn nínú ohun gbogbo. Ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti ń sáré. Bí ọkàn rẹ bá ń fà sí ọ̀kan jù, sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ, má ṣe pa á mọ́ra bíi Rèbékà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀kan di ti bàbá, kí èkejì di ti màmá. Jẹ́ kí ọmọ àgbà gbọ́ lẹ́nu rẹ lónìí, ohun tí o fẹ́ràn lára òun fúnra rẹ̀, yálà ó jọ ọ́ tàbí kò jọ ọ́.

Ẹ jọ ka orí 25 dé 50 nígbà tí ara ìyàwó wa bá ti balẹ̀. Ẹ má ṣe sáré ka orí 44.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.