Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ará Àdúgbò Kọ́ Bí A Ṣe Ń Yọ Ènìyàn Lábẹ́ Ilé Tó Wó

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ àti gbogbo ẹ̀yin Kánsílọ̀,

Láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà àti káfíńtà.

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

À ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣètò ẹ̀kọ́ wákàtí 20 fún àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, lórí ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ìjì, omíyalé tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ bá wó ilé, kí panápaná tó dé. Àwa yóò kọ́ wọn ní ti igi àti ògiri lọ́fẹ̀ẹ́.

Aládùúgbò ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, ìbáà mọ iṣẹ́ náà, ìbáà má mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mexico City lọ́dún 1985, àwọn ará ìlú tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ yọ ènìyàn tó lé ní 800, àmọ́ nǹkan bí 100 nínú àwọn tó ń yọ wọ́n ló bá iṣẹ́ náà lọ.

Ohun tó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Dẹ́kìn (àjà oníkọnkéré) tó já lulẹ̀ lè jẹ́ pé orí búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ló gbé ara lé. Ẹni tó bá fa búlọ́ọ̀kù yẹn yọ ti fa gbogbo rẹ̀ lé ara rẹ̀ lórí. Nítorí náà, ìgbà tí a kì í wọlé ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: bí ògiri bá ti fì, tàbí tí òrùlé ti yẹ̀ kúrò lórí ògiri, ìta ni kí wọ́n dúró sí.

Ibi tó bá ṣeé sún mọ́, igi la fi ń ṣiṣẹ́: íǹṣì 4 sí 4, tó gùn ní íǹṣì 24. A ó to méjì síbùú, a ó to méjì lé wọn lórí lóòró, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ẹrù náà, ìyẹn ògiri tàbí dẹ́kìn tó tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Kí orí igi kọ̀ọ̀kan fi íǹṣì 4 yọ kọjá ibi tó ti pàdé èkejì, kó má baà là. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀pá irin gbé ẹrù sókè ní íǹṣì kan, kí ẹlòmíràn fi igi dí àlàfo yẹn kí wọ́n tó tún gbé e. Àwọn tó ń kánjú máa ń gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀pá bá wá yọ̀, kò sí ohun tó máa gba ẹrù dúró. Igi rírọ̀ la sì fẹ́. Ó máa ń ké, á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n igi líle á kàn là lójijì. Èyí tí wọ́n kùn lọ́dà kò dáa, ó ń yọ̀.

Bí ẹrù bá ti tẹ itan ẹnì kan mọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n má gbé e kúrò kí nọ́ọ̀sì tó dé. Oró inú ẹran ara tó ti fọ́ lè ya wọ ẹ̀jẹ̀, kí ọkàn sì dá. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwa. Àwọn nọ́ọ̀sì yín ni kó kọ́ wọn, pẹ̀lú bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Ti omíyalé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: omi tó ń ṣàn kíkankíkan, bí kò tiẹ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́.

Fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, a ń béèrè igi 48 (ó tó àkójọ mẹ́rin onípele mẹ́fà), ọ̀pá irin gígùn 2, jáàkì 2, akoto, ìbọ̀wọ́, fèrè àti tọ́ọ̀ṣì fún ènìyàn 20. Kí ibi ìkó-nǹkan-sí jìnnà sí ojú àgbàrá, kí ikán má sì rí igi náà jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí kọ́kọ́rọ́ má wà lápò ẹnì kan ṣoṣo. Ìjì kì í dúró de ẹni tó rìnrìn àjò.

Ẹ fún wọn ní káàdì tí ọlọ́pàá àti panápaná mọ̀, kí wọ́n má baà lé wọn mọ́ àwọn òǹwòran. Kí ìjọba gba ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìdánrawò méjì lọ́dún tó, kí ọ̀kan jẹ́ lóru.

A ti ṣe tán láti wá síwájú yín lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, pẹ̀lú igi wa, kí ẹ fojú rí i.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.